Kò Síná Nínú Ọsàn Wẹ́wẹ́

Ó ti sú mi. Lórí fídíò ni o, níbi àfihàn iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni o, lẹ́nu àwọn tó ń pe ara wọn ní olùkọ́ sáyẹ́ǹsì pàápàá: wọ́n ní iná mànàmáná wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, pé ká ṣáà ti ki ìṣó àti wáyà bọ̀ ọ́. Ìyá ọlọ́sàn ń kiri iná láìmọ̀!

Ó dáa. Ẹ gé wáyà bàbà méjì, ẹ ki méjèèjì bọ ọsàn kan, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Òfo. Omi ọsàn kò dín, kí ló wá dé tí iná inú rẹ̀ kò jáde? Ẹ yọ wáyà kan, ẹ fi pélébé páànù tí wọ́n fi síǹkì bò rọ́pò rẹ̀. Kíá, mítà á gbéra, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fóltì 1. Àbí páànù ló kọ́ ọsàn níṣẹ́ ni? Ó yá, ẹ gbé ọsàn sọ nù. Ẹ po omi iyọ̀ sínú ife, ẹ ki bàbà àti páànù yẹn bọ̀ ọ́. Mítà tún gbéra. Kí ẹni tó bá ní inú èso ni iná wà wá fi igi tí iyọ̀ ti so hàn mí.

Ẹ fi páànù yẹn sílẹ̀ nínú ọsàn fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá yọ ọ́ wò. Ibi tó rì sínú omi ọsàn á ti ṣá, síǹkì ara rẹ̀ á ti máa jẹ lọ. Síǹkì tó ń jẹ yẹn ni iná ti ń wá. Omi kíkan náà kàn ń jẹ ẹ́, ó sì ń la ọ̀nà fún iná láti kọjá ni.

Luigi Galvani, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí ní Bologna, ní Ítálì. Ó rí ẹsẹ̀ àkèré tó ti kú tó ń ta kìjí nígbà tí irin oríṣi méjì kàn án, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1791 pé ara àkèré ni iná wà. Alessandro Volta, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bíi tirẹ̀, ní irin ni kí wọ́n wò. Ó to síǹkì àti fàdákà léra, ó fi páálí tó rin omi iyọ̀ sáàárín wọn, iná jáde, ó sì kọ̀wé sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú oṣù Kẹta ọdún 1800. Àkèré dà níbẹ̀? (Volta náà gbà pé kí irin méjì ṣáà fara kanra ti tó, kò tó.) Ó lé ní igba ọdún, a tún padà sẹ́yìn Galvani, ọsàn nìkan la fi pààrọ̀ àkèré!

Wọ́n ní bó bá ṣe kan sí ló ṣe lágbára sí. Ànàmọ́ ò kan, ó ń ṣe é. Wọ́n ní ọsàn kan á tan gílóòbù tọ́ọ̀ṣì. Irọ́ gbuu.

Kí olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó pé síǹkì ló ń jẹ. Kó sì gba ọsàn yẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó fi po omi mu.