Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Níbi ìpàdé ẹbí, nígbà tí wọ́n bá ń pín ogún, ni òwe yìí ti máa ń jáde lẹ́nu àgbà jù: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn tó ń pín ogún lè má gbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí etí wọn bá gbọ́ ni ọwọ́ wọn ń pín. Ẹni tí kò lanu, wọ́n á gbà pé èyí tó kàn án ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, tàbí kí wọ́n gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ rárá. Òwe náà kò bú oníwà pẹ̀lẹ́. Ó kàn ń rán an létí pé ọ̀ràn ẹni kò ní ẹnu tirẹ̀, ẹnu olúwa rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀.

Lóde òní, ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná àti àyípadà ojú ọjọ́ wà lára àwọn ọ̀ràn tí òwe yìí bá mu jù lọ. Afẹ́fẹ́ kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ọmọ tí wọn kò tíì bí, tí ooru ọdún 2060 yóò mú, kò sí nínú ìgbìmọ̀ kankan. Àwọn tó ń ta epo rọ̀bì àti èédú kì í dákẹ́ ní tiwọn: wọ́n ní agbẹjọ́rò, wọ́n mọ ọ̀nà ilé aṣòfin, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa kọ òfin. Bí àwọn tó ń fẹ́ iná tí kò ní èéfín kò bá dé ibẹ̀, tẹnu apá kan ṣoṣo ni ìjọba yóò gbọ́.

Bí ìwọ̀nba èèyàn tí kò dákẹ́ ṣe lè yí ọ̀ràn iná padà hàn kedere nínú ìtàn ìlú Aachen ní Jámánì. Ní 1986, ọdún kan náà tí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì bú gbàmù ní Chernobyl, Wolf von Fabeck, tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun rí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Aachen láti ṣe agbátẹrù iná tó ń wá láti ara oòrùn. Owó páńẹ́lì sólà kì í ṣe kékeré nígbà náà. Ẹni tó bá gbé e sórí òrùlé, tó sì ń tari iná sínú wáyà ìlú, owó táṣẹ́rẹ́ ló máa rí gbà. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991 fi dandan lé e pé kí àwọn ilé iṣẹ́ iná máa ra irú iná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iye tó là sílẹ̀ kò súnmọ́ owó tí oní-páńẹ́lì ná.

Ohun tí ẹgbẹ́ Aachen béèrè kò lọ́jú pọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n san iye tó máa dá owó oní-páńẹ́lì padà fún un, kí wọ́n sì pín ẹrù náà sórí gbogbo àwọn tó ń lo iná nílùú. Wọ́n ṣírò rẹ̀: máàkì 2, owó Jámánì ìgbà náà, lórí yúnítì kan, èyí tí yóò sì gun orí owó iná ará ìlú kò ní ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìṣírò yìí ni wọ́n gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlú, ìgbìmọ̀ náà sì fọwọ́ sí i ní 1992. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ iná kò fẹ́ ẹ, àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó owó iná sì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó di 1995 kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún àwọn oní-páńẹ́lì. Láàárín gbogbo ìgbà yẹn, orí ìwé ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti dìbò fún wà. Ká ní àwọn tó béèrè rẹ̀ ti lọ sùn lọ́jọ́ ìdìbò, orí ìwé náà ni ì bá kú sí.

Kí ti Aachen tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Hammelburg ti tẹ́wọ́ gba ìlànà náà ní 1993. Hans-Josef Fell, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú, ló jà fún un níbẹ̀. Nígbà tó di 1998, Fell wọ ilé aṣòfin àpapọ̀. Òun àti Hermann Scheer, aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2000, tó sọ ìlànà ìlú díẹ̀ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè: fẹ́nìgì 99, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máàkì 1, lórí yúnítì kan iná oòrùn, kí owó náà má sì yẹ̀ fún 20 ọdún gbáko. Ìdánilójú 20 ọdún yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé òun ni báńkì rí tó fi gbà láti yá àgbẹ̀ àti onílé lówó. Lọ́dún náà, iná tó ń wá láti oòrùn, afẹ́fẹ́, omi àti irú wọn kò ju nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún iná Jámánì lọ. Ní 2023, ó ti ju ìdajì lọ.

Bí ọjà ṣe ṣí sílẹ̀ ní Jámánì ni àwọn oníléeṣẹ́ ńlá ní Ṣáínà ń kọ́ ilé iṣẹ́ páńẹ́lì tuntun, bí páńẹ́lì sì ṣe ń pọ̀ sí i ni owó rẹ̀ ń já wálẹ̀. Láàárín 2010 sí 2020, ó já ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Owó tí ará Jámánì san sórí iná rẹ̀ wà lára ìdí tí páńẹ́lì fi ṣeé rà lónìí fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Àwọn alágbàwí Aachen kò gbèrò débẹ̀; ọ̀rọ̀ owó iná ìlú wọn ni wọ́n ń sọ.

Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Òwe méjèèjì kò ta kora. Ohun tó mú ohùn Aachen wọlé ni pé ó ní iye, ó ní ibi pàtó tí wọ́n gbé e lọ, ó sì ṣeé kọ sínú òfin bó ṣe wà. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè dìbò lórí ariwo pé kí wọ́n gba ayé là. Lórí máàkì 2, wọ́n lè dìbò.

Ní Nàìjíríà, ibi tí ẹ̀kọ́ òwe yìí ti korò jù ni ọ̀rọ̀ gáàsì. Níbi tí wọ́n ti ń wa epo ní Niger Delta, gáàsì máa ń bá epo jáde. Dípò kí wọ́n lò ó tàbí kí wọ́n dá a padà sínú ilẹ̀, wọ́n ń dáná sun ún. Òfin ọdún 1979 ní kò gbọdọ̀ sí irú ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, àfi fún ẹni tí mínísítà bá fún níwèé àṣẹ. Ihò yẹn ni gbogbo rẹ̀ gbà jáde. Owó ìtanràn tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn kéré nígbà náà débi pé ó rọ àwọn ilé iṣẹ́ epo lọ́rùn láti san án ju kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó gáàsì jọ. Iná náà kò tíì kú tán di òní.

Kì í ṣe pé àwọn ará Niger Delta dákẹ́. Òǹkọ̀wé Ken Saro-Wiwa àti MOSOP, ẹgbẹ́ àwọn ará Ogoni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, sọ̀rọ̀ títí ayé fi gbọ́, ìjọba ológun sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní ìlú Benin dá ẹjọ́ tí Jonah Gbemre pè lórúkọ àwọn ará Iwherekan: sísun gáàsì tẹ ẹ̀tọ́ wọn sí ẹ̀mí àti sí iyì ọmọ ènìyàn lójú, gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin Nàìjíríà ṣe là á sílẹ̀. Ìdájọ́ náà kò pa iná Iwherekan. Síbẹ̀, láti ọjọ́ yẹn, àríyànjiyàn tí ẹnikẹ́ni lè gbé lọ sí kóòtù ti wà nínú ìwé. Òwe náà kò ṣèlérí pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ yóò borí, ó sì yẹ kí ẹni tó ń pa á rántí àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ ná lẹ́mìí.

Òfin àyípadà ojú ọjọ́ ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni àbá òfin bẹ́ẹ̀ ti la ilé aṣòfin kọjá tí ààrẹ kò buwọ́ lù ú. Aṣòfin kan láti Ìpínlẹ̀ Abia, Sam Onuigbo, kò jẹ́ kó sinmi. Àwọn ẹgbẹ́ alágbàwí náà kò yé kọ̀wé. Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tó ti ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow pé nígbà tó bá fi máa di 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sójú ọ̀run kò ní ju èyí tó lè mú kúrò lọ. Òfin náà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ààrẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ alága, tí àwọn obìnrin, ọ̀dọ́ àti àwọn aláàbọ̀ ara ní aṣojú níbẹ̀. Ó ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yan ẹni tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ó tún fún kóòtù lágbára láti pàṣẹ pé kí wọ́n dá iṣẹ́ tó ń ba àyíká jẹ́ dúró. Agbára kóòtù yìí kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ iná ń dùn jù ni ohùn wọn kì í sábà dé ibi tí wọ́n ti ń pín in. Ẹni kan tó wà nínú wọn ni aránṣọ tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour". Ó ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróò kó tó dà á sí táńkì, nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní ibi tí ọ́ìlì tirẹ̀ ń gbé. Ọ́ìlì tó ń bá epo jóná yìí ló ń jẹ́ kí èéfín rẹ̀ máa ta ojú. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, bẹntiróò tí kò tó 200 náírà lítà kan kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúnítì kan iná ìjọba fún àwọn tí wọ́n kó sí Bándì A, ìsọ̀rí àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, fò sókè láti nǹkan bí 68 náírà sí 225. Aránṣọ san èyí, ó san tọ̀hún, ó sì fi owó rẹ̀ kún owó aṣọ.

Ibi tó ti yẹ kó sọ̀rọ̀ kò jìnnà sí i mọ́. Àtúnṣe ìwé òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2023, àti òfin iná mọ̀nàmọ́ná tó tẹ̀ lé e ní oṣù kẹfà, fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti máa darí ọjà iná tiwọn. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti gba àṣẹ náà. Ọ̀rọ̀ tí Àbújá nìkan ń dá tẹ́lẹ̀ ti wá di èyí tí wọ́n lè dá ní Adó-Èkìtì àti Àkúrẹ́, níbi tí ẹgbẹ́ aránṣọ, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti lè wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, kí wọ́n sì padà sílé lálẹ́. Kò tíì sí àyè tó dára tó báyìí fún àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí láti sọ tẹnu wọn lórí iná, bí wọ́n bá lè gbé ìbéèrè tó ní iye lọ.

Ohun tí wọ́n lè béèrè kò wọ́n. Ọ̀kan ni ti abúlé tí wáyà ìjọba kò dé. Ìlànà tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná gbé jáde ní 2016 ní bí ẹnì kan bá gba ìwé àṣẹ, tó sì kọ́ ilé iṣẹ́ iná sólà kékeré fún irú abúlé bẹ́ẹ̀, tí wáyà ńlá wá dé lẹ́yìn náà, wọn kò gbọdọ̀ lé e lọ lásán: ó lè so tirẹ̀ mọ́ ọn, tàbí kó gba owó gbà-má-bínú. Láìsí èyí, kò sí olówó tí yóò kówó rẹ̀ sí abúlé. Ìpínlẹ̀ tó ń kọ ìlànà tirẹ̀ lè fi í sí i, ó sì lè yọ ọ́; ará abúlé tó bá wà ní ìjókòó lọ́jọ́ náà ló lè sọ ohun tí yíyọ rẹ̀ yóò fà.

Èkejì ni ti bátìrì tó ti kú. Púpọ̀ bátìrì tó ń bá sólà ṣiṣẹ́ ní òjé nínú, àwọn kan tó ń rà wọ́n sì máa ń yọ́ òjé náà nítòsí ilé àti ilé ìwé. Májèlé ni òjé fún ọpọlọ ọmọdé, kò sì sí ìtọ́jú tó lè dá èyí tó ti bàjẹ́ padà pátápátá. Iná tí kò ní èéfín kò gbọdọ̀ fi ara ọmọ aládùúgbò san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó ń ta sólà àti àwọn tó ń rà á ni ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè pé kí òfin ìpínlẹ̀ fi dandan lé e pé ẹni tó bá ta bátìrì ni yóò gbà á padà nígbà tó bá kú, kí owó ìgbàpadà rẹ̀ sì ti wà nínú iye tí wọ́n tà á.