Ọta Òjé, Igún àti Àwa Ọlọ́jà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nígbà tí a wà lọ́mọdé, igún kì í wọ́n ní odò ẹran Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó. Ẹni tó bá rí ẹyọ kan nísinsìnyí, yóò pe ọmọ rẹ̀ wá wò ó.

Ní California, l'Amẹ́ríkà, ìjọba ti fi òfin de ọta òjé fún gbogbo ọdẹ láti July 1, 2019. Ọdẹ á da ìfun ẹran sígbó, igún ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní condor á gbé èérún òjé mì, ó di májèlé. Ní 1982, 22 péré ló kù láyé.

Mo sọ ọ́ fáwọn ọdẹ wa, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iyanrìn la ó fi yìnbọn? Òjé la rí rà. Èèwọ̀ ni pípa igún. Ẹ bi àwọn tó ń ta orí rẹ̀!"

(Gbogbo ọdẹ kọ́ ni n ó gba ti èèwọ̀ yẹn gbọ́ lẹ́nu o.) Àmọ́ òótọ́ ni, àwọn lékúlẹ́jà ń tà á fún òògùn àwúre. Ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ láìlórí.

Bó bá ṣe tèmi ni, ẹgbẹ́ wa kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó orí igún mọ́. Kí ọdẹ náà sì ri ìfun ẹran mọ́lẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú. Ká pàdé nípàdé.