Ìlà Ìṣẹ́po: Orúkọ kan nínú Iṣẹ́ Ilẹ̀ Wíwọ̀n

Bí awọnlẹ̀ bá ti wọn gíga ilẹ̀ níbi púpọ̀ ní Òṣòdì tàbí ní Ìsọlọ̀, ó kù kí ó so àmì mọ́ àmì, kí wọ́n tó di àwòṣe ojú ilẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Àwọ̀n onígun-mẹ́ta ń fi ìlà tààrà so àwọn ibi tí wọ́n wọ̀n gan-an pọ̀. Àwọ̀n ọgbọọgba ń pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin tí ó dọ́gba, ó sì ń fi ìṣirò fojú bu gíga ojúkò kọ̀ọ̀kan. Èwo ni ó sàn? Ìbéèrè náà kò kan ibi tí ọ̀ràn wà.

Kànáàlì Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀ ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí àlàfo àmì bá jẹ́ mítà 30, bíi ti ìwọ̀n tí ọkọ̀ òfuurufú Endeavour ti Amẹ́ríkà fi rédà ṣe ní oṣù Kejì ọdún 2000, àwọ̀n ọgbọọgba yóò tẹ́ etí odò pẹrẹsẹ, kànáàlì tóóró tilẹ̀ lè sọnù. Níbi tí ilé fún pọ̀ bíi Òṣòdì, òrùlé ni rédà náà ń kà bí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀n onígun-mẹ́ta pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àléébù. Òfin tí Boris Delaunay gbé kalẹ̀ ní 1934, pé kí àmì mìíràn má ṣe bọ́ sínú òbìrí tí ó yí igun mẹ́ta kan po, kò mọ omi yàtọ̀ sí ìyàngbẹ ilẹ̀. Ó lè na igun mẹ́ta láti etí kan dé èkejì, kí kànáàlì sì di títì lórí ìwé.

Ohun tí ń tún un ṣe ni ìlà tí awọnlẹ̀ fà tọ etí kànáàlì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí igun mẹ́ta kankan kò gbọdọ̀ dá kọjá. Ìlà yìí ni ó ń wá orúkọ. Bí olùtumọ̀ bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì, tí ó pè é ní "ìlà ìfọ́", akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá ibi tí ilẹ̀ ti sán. Ilẹ̀ kò sán; ṣíṣẹ́po ni ó ṣẹ́po, bí etí aṣọ lọ́wọ́ télọ̀. "Ìlà ìṣẹ́po" ni ó yẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2002, nígbà tí àwọn ohun ìjà ń bú gbàmù ní àgọ́ ológun Ìkẹjà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tí ń sá lọ ni ó kú sínú kànáàlì Òkè-Àfà. Ewéko bo ojú omi, ó jọ ilẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ kọ́ ni ìbá gbà wọ́n là lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣètò ìṣàn òjò níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gba àwòṣe tí ó fi ilẹ̀ pẹrẹsẹ bo kòtò.

Níbi tí ilẹ̀ bá rọra dà, àwọ̀n ọgbọọgba tó. Létí kànáàlì, onígun-mẹ́ta pẹ̀lú ìlà ìṣẹ́po ni. Kọ̀ǹpútà kò sì lè dá ìlà náà mọ̀ bí wọn kò bá wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó di ọ̀pá ìwọ̀n mú ni yóò dúró sí orí rẹ̀, Yorùbá ni wọ́n sì sábà fi ń pe ibi tí yóò dúró sí fún un.