Àìsàn ọmọ labalábá: kì í ṣe iṣẹ́ ayé, owó ló kù

Ẹ fojú inú wo ìkókó tó jẹ́ pé ibi tí ọwọ́ bá ti kàn án ló ń lé ròrò. Wọ́n wọ̀ ọ́ lẹ́wù, ọrùn ẹ̀ bó. Ó mu ọmú, ẹnu ẹ̀ bó. Ládùúgbò wa, kílẹ̀ tó mọ́, ẹjọ́ ti délẹ̀: "Ayé ló ṣe é." Ẹlòmíì á ní ìyá ọmọ ló rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi àjẹ́ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àìsàn náà lórúkọ: epidermolysis bullosa, EB ni wọ́n gé e kúrú sí. Àìsàn àjogúnbá ni. Àwọn òyìnbó ń pe àwọn ọmọ tó ní in ní ọmọ labalábá, torí awọ ara wọn ò le ju ìyẹ́ labalábá lọ. Nínú oríṣi kan, jíìnì COL7A1 ló bàjẹ́. Iṣẹ́ jíìnì yìí ni kó jẹ́ kí ara ṣe purotéènì kan, collagen VII, tó dà bí òwú tí télọ̀ fi gán awọ òkè mọ́ tìsàlẹ̀. Bí òwú ò bá sí, ìfarakanra díẹ̀, aṣọ ti tú. Níbi tó ti le jù, bàbá àti ìyá ló jọ gbé e láìmọ̀, bíi AS tó fẹ́ AS. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ìyá nìkan là ń bá wí?

Tẹ́nikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, kó gbọ́ èyí. Ní 2015, ní Bochum, Jámánì, ọmọ ọdún 7 kan, ọmọ Síríà tó sá ogun wá, ti pàdánù ọ̀pọ̀ awọ ara ẹ̀ sọ́wọ́ oríṣi EB míì. Michele De Luca àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Modena, Ítálì, gba awọ díẹ̀ lára ẹ̀, wọ́n fi jíìnì tó pé sí i, wọ́n sì gbìn ín títí tó fi tó bo bí ìdá 80 nínú 100 ara ẹ̀. Ọmọ náà padà sílé ìwé. Ṣé jíìnì ń tú èpè ni?

Ní May 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Vyjuvek, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń kán sójú egbò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa egbò ètè ló ń gbé COL7A1 wọlé. Wọ́n ti yọ eyín ẹ̀, kò lè pọ̀ sí i lára mọ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi èèyàn 31 ṣe, lẹ́yìn oṣù 6, egbò 67 nínú 100 tí wọ́n kán an sí ló jiná pátápátá. Àwọn tí wọ́n kán jẹ́ẹ̀lì lásán sí? 22 péré. Kò mú àìsàn náà kúrò o, egbò tuntun á tún nílò ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn mí rèé. Àwọn àgbà ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n Vyjuvek ju 600,000 dọ́là lọ lọ́dún fẹ́nì kan. Zevaskyn, awọ gbígbìn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025, tó mílíọ̀nù 3.1 dọ́là. Má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ díẹ̀ ni: Casgevy, oògùn jíìnì fún fòníkú-fọ̀ladìde tó pọ̀ nílé wa jù, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni. Ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n tì mọ́ gbogbo wa.

Òótọ́ ni pé oògùn jíìnì ò rọrùn ṣe bíi hóró oògùn. Ṣùgbọ́n ní 2000, oògùn HIV fún ọdún kan lé ní 10,000 dọ́là. Ní 2001, Cipla ti Íńdíà ní òun á tà á ní 350. Èèyàn pariwo, owó wálẹ̀.

Bá a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kíjọba fi báńdéèjì tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò sínú ètò adójútòfò ìlera. Kí àwa náà gbé ọmọ lọ bá dókítà awọ ara, ká yéé lẹ pílásítà mọ́ ọn, ká yéé wá ẹni tó ṣe é. Jíìnì tó bàjẹ́, wọ́n ti ń rí i tún ṣe. Owó ló kù, èèyàn ló sì bu iye yẹn lé e.