Òrùlé tó ń jẹrà ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú

1/ Ẹ̀yin tèmi, mo ń rí ohun tí ẹ ń kọ sábẹ́ fídíò òrùlé koríko àwọn ará Japan: "Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ṣebí wọ́n lè kan páànù sí i." Èmi ò gbà o.

2/ Lóòótọ́, koríko máa ń jẹrà. Ní abúlé Shirakawa, tó bá ti tó bí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un bò. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. "Yui" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń rí ọwọ́ àgbà.

3/ Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rán an. Ẹnì kan wà lókè, á ti abẹ́rẹ́ gígùn wọnú koríko. Ẹnìkejì wà nísàlẹ̀ òrùlé, á gba okùn, á fi yí igi ká, á dá a padà. Wọn ò rí ara wọn! Fídíò wo ló fẹ́ kọ́ ẹ nìyẹn?

4/ Ojúbọ Ise ńkọ́? Ọdún 20-20 ni wọ́n ń kọ́ ọ tuntun, tòrùlé koríko tòrùlé koríko. 2013 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn lè ti di ọ̀gá kó tó tún kàn.

5/ Lọ́dún 2020, UNESCO fi iṣẹ́ yìí kún àkọsílẹ̀ ogún aráyé. Ó dáa. Àmọ́ tí gbogbo ilé bá di onípáànù, ta ló máa rí òrùlé fi kọ́ṣẹ́?

Ẹ sọ tiyín.