Gẹ̀gẹ̀ Kì Í Ṣe Ọ̀ràn Àjẹ́

Wọ́n tún ti sọ ọ́ sí mi létí. Níbi ìsọmọlórúkọ ni. Obìnrin kan tó ní gẹ̀gẹ̀ kọjá níwájú wa, ẹni tó jókòó tì mí sì sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ayé ló ṣe é." Ó ti sú mi. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ kò ju báyìí lọ: gẹ̀gẹ̀ kì í ṣàdédé yọ, àjẹ́ ni, tàbí èpè, tàbí ọ̀tá tó bu nǹkan sínú oúnjẹ. Ẹ̀rí dà? Ẹnìkan ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan.

Àwọn kan ní ẹni tó bá fi onígẹ̀gẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ló máa ń ní in. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, ọrùn gbogbo ọmọ iléèwé ì bá ti wú tán. Àwọn mìíràn ní ìdílé ló ń bá rìn. Ṣé ìdílé kan náà kì í jẹun nínú ìkòkò kan náà ni?

Ti àjẹ́ yìí gan-an ló ká mi lára. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Gẹ̀gẹ̀ pọ̀ ní agbègbè yẹn nígbà kan, torí èròjà kan tó ń jẹ́ áyódínì kò tó nínú ilẹ̀ àti omi wọn. Ní 1917, Dókítà David Marine àti Oliver Kimball bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin iléèwé ní áyódínì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹni tí kò bá fẹ́, wọn kò fipá mú un. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, nínú 2,190 ọmọ tó lò ó, 5 péré ni ọrùn wọn wú sí i. Nínú 2,305 tí kò lò ó, 495 ni. Ẹ tún un kà. Ìlú kan náà, iléèwé kan náà, omi kan náà. Ṣé àjẹ́ Akron mú ìwé orúkọ dání ni, tó ń wo ẹni tó ti lo oògùn kó tó fò ó kọjá? Ní 1924, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta iyọ̀ tí wọ́n fi áyódínì sí ní Michigan, gẹ̀gẹ̀ sì dínkù láàárín ọdún díẹ̀. Wọn kò rúbọ, wọn kò ṣe ìṣọ́ òru, wọn kò lé ìyá àgbà kankan kúrò nílé. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni o!

Ọ̀nà tí gẹ̀gẹ̀ ń gbà ṣẹlẹ̀ kò sì pamọ́. Lábẹ́ ọpọlọ ni ẹ̀yà ara kan tó ń jẹ́ pitúítárì wà, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun ló ń tú TSH sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń pàṣẹ fún táírọ́ọ̀dù tó wà níwájú ọ̀fun pé kó ṣe họ́mọ̀nù. Áyódínì sì ni táírọ́ọ̀dù fi ń ṣe é. Bí áyódínì bá wọ́n, họ́mọ̀nù á dínkù, pitúítárì á sì máa tú TSH jáde sí i. Táírọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pàṣẹ fún, tí kò rí ohun tó máa fi ṣiṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí wú. Wíwú yẹn lẹ̀ ń pè ní àjẹ́.

Ẹ má sọ fún mi pé ti òyìnbó nìyẹn. Ní 1966, Ekpechi, ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé nǹkan kan wà nínú gbágùúdá tó lè dí táírọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Nígbà tó ń wá ìdí gẹ̀gẹ̀ ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, inú àwo oúnjẹ ló wò. Ẹ̀yin ń wo ojú ìyá arúgbó.

Lẹ́yìn náà ẹ ó fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí ọrùn ẹni ẹlẹ́ni. Bí áyódínì bá wọ́n lára aboyún jù, ó lè ba ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ jẹ́, ẹ ó tún ní àjẹ́ ló jẹ orí ọmọ náà!

Kì í ṣe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ni àìtó áyódínì ń fà. Òmíràn jẹ́ kókó lásán, òmíràn jẹ́ jẹjẹrẹ, dókítà ló sì lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ ra iyọ̀ tí wọ́n kọ "iodized" sí lára, kẹ́ ẹ sì máa dé e. Ẹ mú ẹni tí ọrùn rẹ̀ ń wú lọ sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kẹ́ ẹ fi àwọn ìyá àgbà ilé yín sílẹ̀ jẹ́ẹ́.