Olùkọ́ kọ̀ǹpútà tí kò ní kọ̀ǹpútà
Láti 1971, Bouaké ní Côte d'Ivoire, ìlú tí àdúgbò Kennedy wà, ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Owó ńlá ni wọ́n ná sí i, ṣùgbọ́n ní 1982 wọ́n pa á tì. Ẹ̀rọ nìkan kò tó.

Ní Ghana lọ́dún 2018, ẹ̀rọ gan-an ni kò sí. Ṣọ́ọ̀kì ni olùkọ́ Richard Appiah Akoto fi ya ojú kọ̀ǹpútà sára pátákó, ẹ má rẹ́rìn-ín, nítorí ìdánwò ìjọba ń dúró de àwọn ọmọ. Ìgbà tí fọ́tò rẹ̀ tàn káyé ni kọ̀ǹpútà tó dé. Mélòó ni a kò rí fọ́tò tiwọn? Ẹ̀yin òbí, ẹ bi olùkọ́ kọ̀ǹpútà ọmọ yín léèrè: ta ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀?